Ooru Tó Ń Bá Èéfín Lọ: Ìtàn Ààrò Inú Ògiri àti Ohun Tó Fi Kàn Wá

   Èmi olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ náà tún ti dé. Lóṣù yìí, mi ò mú ìtàn ọba tàbí ìtàn ogun wá. Ìtàn iná ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tó fà á rèé. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi fọ́tò kan sórí gúrúùpù WhatsApp wa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú ilé àtijọ́ kan tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Nínú pálọ̀ ilé náà, ihò ńlá kan wà lára ògiri, wọ́n sì fi òkúta dídán ṣe ẹnu rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ààrò tí àwọn òyìnbó máa ń yáná nídìí rẹ̀ láyé àtijọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n wá béèrè pé: "Gáàsì ti wọ́n jù níbí. Ṣé mo lè dá iná sínú nǹkan yìí kí ilé gbóná?"

Ká tó ṣẹ́jú, èsì ti lé ní ọgọ́ta. Ẹnì kan ní kí wọ́n kó igi sí i kí wọ́n ṣáná sí i, kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù? Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí i pa kí eku má baà gba ibẹ̀ wọlé. Ẹnì kẹta ní kí wọ́n ra èédú, kí wọ́n kó o sínú àdògán, kí wọ́n gbé e sáàárín pálọ̀, kí wọ́n sì ti fèrèsé pa, torí pé ṣebí èédú kì í rú èéfín.

Ìmọ̀ràn ẹnì kẹta yẹn ló mú mi dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá kan ṣe ohun náà gan-an. Ọyẹ́ mú púpọ̀ lọ́dún yẹn. A se ìrẹsì lórí àdògán lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tá a jẹun tán, ẹyin iná ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, la bá gbé e wọlé, a tilẹ̀kùn, a sùn. Ìyá kan tá a jọ ń gbé inú ọgbà ló wá kan ilẹ̀kùn wa ní kùtùkùtù nítorí ọ̀rọ̀ omi, òun ló sì kó wa yọ. Orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ò gbé e, ó bì, ó tún bì. Bẹ́ẹ̀, kò sí èéfín kankan nínú yàrá náà o! Ó tó ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà kí n tó mọ orúkọ ohun tó fẹ́ pa wá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi padà sínú ìwé mi, torí pé ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sì bá bọ̀: dídá iná ò le. Ohun tó gba àwọn èèyàn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni bí wọ́n ṣe máa jẹ́ kí èéfín jáde kí ooru má bá a lọ.

Nígbà tí iná ṣì wà láàárín ilé

Ẹ má rò pé látìgbà ìwáṣẹ̀ ni òyìnbó ti ní ṣímínì, ìyẹn ihò gíga tí èéfín ń gbà jáde lórí òrùlé. Rárá o. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ilé gan-an ni wọ́n ti ń dá iná. Èéfín á gòkè lọ sábẹ́ òrùlé, á máa rìn kiri, títí yóò fi rí ihò tàbí àlàfo gbà jáde. Wọ́n ń so ẹran kọ́ sókè kó lè gbẹ. Ojú ń ta wọ́n, wọ́n ń wúkọ́.

Ṣé ẹ rí i pé kò yàtọ̀ sí tiwa? Ààrò mẹ́ta nínú ilé ìdáná ìyá wa àgbà, àgbàdo tí wọ́n so kọ́ sókè ààrò kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, ògiri tó ti dúdú kirikiri. Ìrírí kan náà ni. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ooru ò ṣòfò púpọ̀, torí inú ilé ni gbogbo rẹ̀ wà. Àmọ́ inú ilé kan náà ni èéfín wà pẹ̀lú.

Ilé àwọn ọlọ́lá àti ilé ìṣọ́ àwọn ọba ni ṣímínì kọ́kọ́ dé. Ó pẹ́ kó tó dé ilé mẹ̀kúnnù. William Harrison, àlùfáà kan tó kọ̀wé nípa ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1577, sọ pé àwọn àgbà abúlé rẹ̀ ń ṣe háà nítorí bí ṣímínì ṣe pọ̀ lójijì, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà nígbà èwe wọn. Àwọn àgbà kan tiẹ̀ gbà pé èéfín àtijọ́ sàn jù, pé ó ń mú kí igi òrùlé le dáadáa, ó sì ń dáàbò bo ara àwọn onílé. Àgbà ò ní ṣàì sọ tirẹ̀, níbi gbogbo láyé!

Ṣímínì gba èéfín, ó sì gba ooru mọ́ ọn

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Atẹ́gùn tó bá gbóná máa ń fúyẹ́, ó sì máa ń gòkè. Tí iná bá ń jó nínú ààrò inú ògiri, atẹ́gùn gbígbóná á gba ṣímínì lọ sókè. Àmọ́ ilé ò lè ṣófo. Atẹ́gùn mìíràn gbọ́dọ̀ wọlé dípò èyí tó jáde. Níbo ló máa gbà wọlé? Abẹ́ ilẹ̀kùn, etí fèrèsé, àlàfo pákó. Òtútù ìta sì ni èyí tó ń wọlé yẹn.

Tí ẹ bá kó igi rẹpẹtẹ sí iná, tí ó ń jó gèrè, ṣe lẹ ń rán atẹ́gùn púpọ̀ sí i jáde lókè, tẹ́ ẹ sì ń fa òtútù púpọ̀ sí i wọlé nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iwájú ẹni tó jókòó sídìí iná fi máa ń gbóná bí ẹni tó wà nínú oòrùn ọ̀sán, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Nínú gbogbo ooru tó wà nínú igi, nǹkan bí 10 sí 20 péré nínú 100 ni irú ààrò yìí máa ń fún onílé. Òrùlé ni ìyókù ń gbà lọ. Ẹni tó ra igi ń fowó rẹ̀ móoru fún ojú ọ̀run.

Síbẹ̀, wọ́n tún gba owó orí lé e. Ní 1662, lábẹ́ Ọba Charles Kejì, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin pé ṣílè 2 lọ́dún ni onílé máa san lórí ààrò kọ̀ọ̀kan. Àwọn agbowó-orí ń wọ ilé onílé láti ka ààrò, inú ará ìlú ò sì dùn rárá. Àwọn kan fi bíríkì dí ààrò wọn pa kí wọ́n má baà kà á. 1689 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ìtàn owó orí nílẹ̀ wa yìí mọ bó ṣe máa ń rí.

Ọ̀kan ní Philadelphia

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù ti mú ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ, Benjamin Franklin wò ó pé igi tó wà nítòsí ìlú ti ń tán. Ó ṣe ààrò onírin kan tí wọ́n lè tì sínú ààrò inú ògiri, ó sì tẹ ìwé kékeré jáde nípa rẹ̀ ní 1744. Irin máa ń gbóná, ó sì máa ń tú ooru sínú yàrá. Gómìnà Pennsylvania fẹ́ fún un ní ìwé àṣẹ pé òun nìkan ni kó máa tà á. Franklin kọ̀ ọ́. Ó ní níwọ̀n bí a ti ń jẹ àǹfààní ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe, ó yẹ kí inú wa dùn láti fi tiwa náà ran àwọn èèyàn lọ́wọ́.

Ọkàn rere lèyí, àmọ́ àbùkù kan wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ètò tó kọ́kọ́ ṣe, èéfín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀ kó tó rí ọ̀nà gòkè. Èéfín kì í fẹ́ lọ sísàlẹ̀. Tí iná ò bá gbóná dáadáa, ṣe ló máa ń padà sínú yàrá. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló tún ọ̀nà èéfín náà ṣe. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Rumford àti ínǹṣì mẹ́rin

Ẹni tó yanjú ọ̀rọ̀ ààrò inú ògiri jù lọ ni Benjamin Thompson. Wọ́n bí i ní 1753 ní Woburn, ní Massachusetts. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń jà fún òmìnira, ẹ̀yìn ọba Gẹ̀ẹ́sì ló wà, ó sì ń ṣe amí fún wọn. Ó fi ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀, ó sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìwà lèéfín, kò ṣé bò mọ́lẹ̀, torí náà mi ò ní yìn ín kọjá bó ṣe yẹ. Àmọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́, ó mọ iṣẹ́. Ó lọ sìn ní Bavaria nílẹ̀ Jámánì, níbi tó ti ṣètò ilé ìdáná ńlá tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fún àwọn tálákà pẹ̀lú igi díẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi jẹ oyè Count Rumford.

Ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1795, ó sì rí i pé èéfín ń pa àwọn èèyàn lójú nínú ilé ńláńlá. Ní 1796, ó tẹ àlàyé rẹ̀ jáde. Ohun mẹ́ta ló sọ.

Àkọ́kọ́, ooru tó ń dé ara yín nídìí irú iná yìí kì í ṣe ti atẹ́gùn. Atẹ́gùn gbígbóná ti gòkè lọ ní tirẹ̀. Èyí tó ń tàn jáde látara iná àti látara bíríkì gbígbóná ló ń dé ọ̀dọ̀ yín, bí ìgbà tí oòrùn bá ń ta sí yín lára.

Ìkejì, tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ògiri inú ààrò kọjú sí èèyàn. Ààrò àtijọ́ jìn bí àpótí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń wo ara wọn. Rumford fa ògiri ẹ̀yìn wá síwájú kí ààrò má jìn mọ́. Ó ya ẹ̀gbẹ́ méjèèjì síta bí ẹni tó na apá láti gba àlejò. Ó jẹ́ kí ìbú ògiri ẹ̀yìn tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìbú ẹnu ààrò. Ó ní bíríkì tàbí òkúta dára ju irin lọ fún ẹ̀gbẹ́ ààrò, kí wọ́n sì kùn ún ní funfun.

Ìkẹta, ọ̀fun ṣímínì ti fẹ̀ jù. Ó dín in kù sí nǹkan bí ínǹṣì 4, ó sì mú kí etí rẹ̀ tó wà níwájú yípo kó sì dán, kí èéfín lè yọ́ kọjá láìkọsẹ̀. Ihò tóóró yìí tó fún èéfín, àmọ́ kò jẹ́ kí gbogbo atẹ́gùn inú pálọ̀ tẹ̀ lé e lọ mọ́.

Ẹ̀yin ará, bíríkìlà kan pẹ̀lú bíríkì díẹ̀ lè ṣe gbogbo èyí láìwó ilé. Igi ò pọ̀ sí i, iná ò tóbi sí i, síbẹ̀ ilé gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èéfín sì kúrò. Láìpẹ́, gbogbo onílé ló ń fẹ́ Rumford. Kódà nínú ìwé Northanger Abbey tí Jane Austen kọ, ọmọbìnrin inú ìtàn náà wọ ilé àtijọ́ kan, ó retí ààrò ńlá ti ayé ọjọ́un, Rumford ló bá níbẹ̀.

Àwọn tó fara gbá a

Ìtàn tó bá dùn látòkè délẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbá inú ṣímínì, torí ìdọ̀tí dúdú tí èéfín ń fi sílẹ̀ lè gbiná. Àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n ń rán gòkè nínú ihò tóóró yẹn. Ní 1775, oníṣègùn Percivall Pott kọ̀wé pé ìdọ̀tí náà ló ń fa àrùn jẹjẹrẹ sí abẹ́ àwọn agbáṣímínì. Òfin 1788 ní ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 8 ò gbọdọ̀ ṣe é. Òfin 1840 ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 ò gbọdọ̀ gùn ún. Ta ló tẹ̀ lé e? Ìgbà tí ọmọ kan tó ń jẹ́ George Brewster há sínú ṣímínì tó sì kú ní 1875 ni wọ́n tó ṣe òfin tó mú nǹkan.

Ti èédú inú ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí igi wọ́n, èédú tí wọ́n ń wà látinú ilẹ̀ ni gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ń dá. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù December 1952, èéfín ilé àti ti ilé iṣẹ́ pàdé kùrukùru, ó sì bo ìlú náà mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ka òkú bí 4,000. Àwọn onímọ̀ tó tún un ṣírò lẹ́yìn náà ní ó tó nǹkan bí 12,000. Àwọn ọmọ wa wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, bá wọn dá sílẹ̀ ní 1925, ti ní ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ láti 1933. Ní 1956 ni òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ dé, tó fún àwọn káńsù lágbára láti sọ àdúgbò di ibi tí ilé ò ti gbọdọ̀ máa tú èéfín. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ amúlégbóná dé, ọ̀pọ̀ onílé sì fi pákó bo ẹnu ààrò wọn. Irú rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n wa rí nínú pálọ̀ wọn.

Ẹ̀gbọ́n, èsì yín rèé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣáná sí i. Ẹ pe agbáṣímínì tó mọ iṣẹ́ kó wá gbá a, kó sì wò ó bóyá ó ti sán tàbí ẹyẹ ti kọ́lé síbẹ̀. Kí ẹ máa gbá a lọ́dọọdún, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsù yín bóyá àdúgbò yín wà lábẹ́ òfin èéfín. Ọ̀pọ̀ ibi ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ ò sì ní lè sun igi nínú ààrò tí ẹnu rẹ̀ wà ní ṣíṣí níbẹ̀. Sítóòfù onírin tó ní ilẹ̀kùn, tí ìjọba fọwọ́ sí, ni wọ́n máa ń gbà láyè. Irú èyí tó dára máa ń fúnni ní nǹkan bí 70 sí 80 nínú 100 ooru igi. Igi tó gbẹ dáadáa ni kẹ́ ẹ rà, torí igi tútù, omi ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sè. Ẹ má dí gbogbo ihò atẹ́gùn yàrá tí iná wà. Tẹ́ ẹ ò bá lo ààrò náà, ẹ wá ohun tẹ́ ẹ máa fi dí ọ̀fun rẹ̀ kí ooru ẹ̀rọ yín má baà máa gba ibẹ̀ sá lọ. Ẹ má gbàgbé láti yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó dáná o.

Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké tí carbon monoxide bá wà nínú ilé. Òun ni mo ní mo wá mọ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, èédú tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí kò rú èéfín sì máa ń tú u jáde gan-an. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé àdògán wọ yàrá tí wọ́n tì pa, ì báà jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ì báà jẹ́ nílé níbí nígbà ọyẹ́ tàbí òjò. Ẹni tó gba ẹ̀gbọ́n wa nímọ̀ràn yẹn kì í ṣe ẹni burúkú. Èmi náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí ló wá kàn wá nílé?

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé fa ikú nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn lágbàáyé ní 2020. Ẹ kúrò lórí ìṣirò, ẹ lọ wo àtíbàbà ìyan-gàrí wa lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà. Àwọn ìyá wa ti mọ ọgbọ́n ọjọ́ pípẹ́: wọ́n fi amọ̀ mọ ààrò yíká, agbada jókòó lé e lórí, ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n ń gba ki igi sí i. Ooru ò fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Ohun tó kù ni pé ẹnu tí igi ń gbà wọlé náà ni èéfín ń gbà jáde, iwájú ẹnu yẹn gan-an ni ìyá tó ń yan gàrí sì jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹgbẹ́ wa ti pinnu láti tún àtíbàbà náà kọ́ lọ́dún yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi lẹ dá owó tó pọ̀ jù níbẹ̀, Ọlọ́run á bù sí i. Páànù tuntun àti sìmẹ́ńtì ilẹ̀ wà nínú ètò tá a rí, ṣímínì ò sí níbẹ̀. Ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé, kí bíríkìlà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kí ààrò kọ̀ọ̀kan ní ihò èéfín lẹ́yìn, ní òdìkejì ẹnu tí igi ń gbà wọlé. Kí ihò náà máa gòkè láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀ bíi ti Franklin. Kí ọ̀fun rẹ̀ má fẹ̀ jù, kí ooru má baà sá kúrò lábẹ́ agbada. Kí ẹnu rẹ̀ ga ju òrùlé lọ. Kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún gbígbá, ká má tún rán ọmọ ọlọ́mọ sí ohun tí àgbà lè fi ọ̀pá ṣe. Kí wọ́n sì fi amọ̀ dí etí agbada. Bíríkì àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀rọ olówó gọbọi. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹyọ kan, kí àwọn ìyá yan gàrí lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, ká tó ṣe ìyókù. Àwọn ló mọ iná ju gbogbo wa lọ.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ fi èsì yín sórí gúrúùpù, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka àpilẹ̀kọ yìí tán ná.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùdarí Ẹ̀ka Ọ̀dọ́